Pátákó Ọ̀gá Kò-Séwu

Ohun tí ẹ ti ń fura sí yẹn náà ni. Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ga lójú ara rẹ̀, ó fẹ́ ọmọbìnrin kan tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ga lójú ẹnikẹ́ni. Ìyá ọkùnrin ní òun ò gbà, bàbá ọmọbìnrin ní kí òun rò ó wò ná, alárinà kan sì ń lọ, ó ń bọ̀ láàrin wọn títí bàtà rẹ̀ fi jẹ. Kò sí èyí tó jẹ́ tuntun nínú gbogbo ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni pé pátákó kan wà níbẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà wọ ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé pátákó náà kọ́ sí. Ó funfun báláú, ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé: IYE ỌJỌ́ TÍ A TI LÒ LÁÌSÍ ÒṢÌṢẸ́ TÍ ABẸ́RẸ́ GÚN. Ìṣó mẹ́ta wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń fi nọ́ńbà onípálí kọ́ sí. Ọ̀gá ètò ààbò òṣìṣẹ́ ló ni ín. Òun ló ní kí wọ́n kàn án, òun ló yan àwọ̀ rẹ̀, òun nìkan ló sì ń fọwọ́ kàn án. Ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀, á fa áńkáṣífù yọ, á nu eruku orí rẹ̀, á pààrọ̀ nọ́ńbà, á wá fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì, á máa wò ó bí ẹni tó ń wo àwòrán ìgbéyàwó ara rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Ọ̀gá Kò-Séwu. Òun rò pé oríkì ni.

Kí á má parọ́ mọ́ ọn, ó mọṣẹ́. Kí ó tó dé, orí tábìlì, orí fèrèsé àti abẹ́ ìrọ̀rí ni àwọn dókítà ń ju abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò sí. Òun ló kọ́ wọn pé abẹ́rẹ́ tí a ti lò, a kì í dé e lórí mọ́, inú àpótí aláwọ̀ ìyeyè là ń jù ú sí lójú ẹsẹ̀. Ó mọ gbogbo àrùn tí abẹ́rẹ́ kan lè gbé láti ara aláìsàn sí ara ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ó sì máa ń kà wọ́n lórí bí ọmọ ilé ìwé tó mọ ìsọdipúpọ̀. Òun náà ló ṣe òfin ìwé àkọsílẹ̀: bí abẹ́rẹ́ bá gún ẹnikẹ́ni, ẹni náà á fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, pátákó á padà sí òdo, wọn á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ gún ẹni náà. Òfin tó dára ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe dára tó, kó ní sùúrù.

Nọ́ńbà ara pátákó ti di 112 lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Kò-Séwu kọ́kọ́ wọ ilé ìfọṣọ.

Ibẹ̀ gbóná, omi ń kán lára ògiri, ẹ̀rọ ńláńlá mẹ́ta sì ń kùn bí ẹni tí wọn ò fún lóúnjẹ. Tábìlì gígùn kan wà láàrin tí wọ́n ti ń tú aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Ọmọbìnrin kan dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀mú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń fi ẹ̀mú náà ṣí aṣọ láti igun bí ẹni tó ń ṣí lẹ́tà ọ̀tá. Wòódáadáa ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ ti ọwọ́ bọ àárín aṣọ níbẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀: wò ó dáadáa.

Ọ̀gá Kò-Séwu na ọwọ́ sí aṣọ kan láti fi hàn pé òun kì í bẹ̀rù iṣẹ́.

“Ẹ má gbọ́wọ́ lé ìyẹn, ọ̀gá,” ni ọmọbìnrin náà wí, kò sì gbójú sókè.

Ó yọ ọwọ́. Ọdún méje ló ti wà nílé ìwòsàn yẹn, kò sí ẹni tó sọ fún un rí pé kó má fọwọ́ kan nǹkan. Òun ló máa ń sọ ọ́ fáwọn ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin náà fi ẹ̀mú fa abẹ́rẹ́ gígùn kan yọ láàrin aṣọ náà gan-an, ó jù ú sínú agolo mílíìkì kan. Agolo náà ti kún dé ìdajì. Ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí páànù fún un kó rí i: abẹ́rẹ́ mọ́kànlélógún, abẹ iṣẹ́ abẹ méjì, àti eyín àtọwọ́dá odindi kan.

“Oṣù mélòó lèyí?”

“Oṣù kan. Ẹni tó ni eyín ò tíì wá bèèrè.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ohun tí kì í sábà ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Ó wá bèèrè bóyá ìkankan nínú wọn ti gún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí. Ọmọbìnrin náà ní kò sí, lára àwọn tí wọ́n mọ̀. Ó ní ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ń fún àwọn fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà; bí wọ́n bá lè rí èyí tó nípọn, tó dé ìgbọ̀nwọ́, ọkàn àwọn á balẹ̀. Ọ̀gá kọ ọ́ sínú ìwé kékeré rẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára púpọ̀, ó sì yí ìwé náà díẹ̀ kí ọmọbìnrin náà lè rí i.

Ó bu ọlá fún ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó kọ fọ́ọ̀mù ìbọ̀wọ́ lọ́jọ́ kejì. Fọ́ọ̀mù náà bèèrè pé: òṣìṣẹ́ mélòó ló ti fara pa nínú yàrá yẹn lọ́dún yìí? Ó kọ òdo síbẹ̀, ó kọ ọ́ tìyangàn-tìyangàn, ó sì fa ilà sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, èsì dé pẹ̀lú òǹtẹ̀: níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tó fara pa, a ò rí ìdí tí a ó fi ra ìbọ̀wọ́. Ó yẹ kí inú bí i. Inú bí i díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ká lẹ́tà náà sínú fáìlì, ohun kan ń yọ̀ nínú rẹ̀ pé àwọn ọ̀gá òkè pàápàá ti fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí pátákó òun.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló yẹ kí wọ́n máa yẹ ilé ìfọṣọ wò. Nígbà tí pátákó fi máa di 150, ó ti di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ní 180, ojoojúmọ́ ni. Aboyún kan tí oyún rẹ̀ kò tíì hàn wà, tó jọ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Wòódáadáa lórí tábìlì kan náà, ẹnu rẹ̀ mú ju ohun tó wà nínú agolo lọ.

“Ọ̀gá, ẹ̀rọ wo lẹ tún fẹ́ yẹ̀ wò lónìí?” ló bi í lọ́jọ́ kan. “Ṣé èyí tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ yìí ni?”

Ọ̀gá mú ìpara ọwọ́ olóòórùn dídùn wá fún Wòódáadáa. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó ní, “Ìbọ̀wọ́ ńkọ́?” Ó tún mú ìborùn wá. “Ó mà rẹwà o. Ìbọ̀wọ́ ńkọ́?” Ó wá di àwàdà láàrin àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló ń ṣàwàdà.

Nígbà tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin náà, Àǹtí Àgbà ni ó rán sí i. Nọ́ọ̀sì ni, òun ló ń bójú tó yàrá ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ìwé àkọsílẹ̀ wà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ti ń gbé aláìsàn láti orí ibùsùn kan bọ́ sórí òmíràn ti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ọrun. Ikọ́ ife tó kó nígbà kan ní wọ́ọ̀dù ṣì máa ń rántí rẹ̀ nígbà òtútù. Irú àwọn nǹkan wọ̀nyí kò sí lára pátákó, nítorí wọn kì í ṣe abẹ́rẹ́.

“O fẹ́ràn rẹ̀,” ni Àǹtí Àgbà bi í, “àbí o fẹ́ràn kó máa wò ọ́?”

Ó ní òun ò rí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Àǹtí Àgbà ní kò burú, ó sì lọ jíṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ló mú èsì bọ̀: ọmọbìnrin náà ní òun ti gbọ́, òun ò sì bínú. Ó ní nínú gbogbo ọkùnrin tó wà nílé ìwòsàn yẹn, ọ̀gá yìí nìkan ló mọ ibi tó yẹ kí abẹ́rẹ́ lọ, àti pé kó tó dé, agolo méjì ló ń kún lóṣù. Òun kò lè gbàgbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n kó wá kí bàbá òun.

Ọ̀gá Kò-Séwu kò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Ayọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó tún ń rí ara rẹ̀ níbi àpèjọ àwọn ọ̀gá, tí ẹnìkan ń bi í pé kí ni ìyàwó rẹ̀ ń ṣe, tó sì ń wá ọ̀rọ̀ tó gùn ju “ó ń fọṣọ” lọ. Ó rí i nígbẹ̀yìn: olùdarí ẹ̀ka ìyàsọ́tọ̀ aṣọ ìtọ́jú. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Káfíńtà ni bàbá ọmọbìnrin náà. Láàrin ìyẹ̀fun igi àti àga tí kò tíì lẹ́sẹ̀ ló ti gbà á lálejò. Ọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àlejò rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ó sọ̀rọ̀ pátákó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé 203. Nígbà tó dákẹ́ láti mí, káfíńtà bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé kò sí ẹni tó fara pa.

“Kò sí ẹni tó wá kọ ọ́, bàbá.”

Káfíńtà gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè. Ìka mẹ́ta ló wà níbẹ̀. “Èyí náà,” ló wí, “kò sí ẹni tó kọ ọ́.”

Ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, bàbá ní òun ò ní kọ̀ ọ́. Ó ní òun kò bèèrè ilé, òun kò bèèrè ọkọ̀. “Ohun kan ni mo fẹ́. Lọ́jọ́ tí ọmọ mi bá fara pa, kó jẹ́ ìwọ ló máa kọ́kọ́ sáré bá, kó má sì kábàámọ̀ rẹ̀.”

Ó ṣèlérí. Ó rọrùn bí kéèyàn ṣèlérí pé oòrùn á yọ. Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ Wòódáadáa pé kó yé sọ “ẹ” fún òun mọ́, ó kéré tán nígbà tó bá ku àwọn méjèèjì. Ó gba ọmọbìnrin náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí “o” tó lè jáde lẹ́nu rẹ̀ láìkọsẹ̀, nígbà tó sì jáde, ojú ti àwọn méjèèjì, wọ́n ń wo ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Ìyá rẹ̀ ló wá kù. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìntì ni, bíírò pupa rẹ̀ ṣì wà nínú àpò rẹ̀ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń gbé oògùn efórí kiri. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

“Ọwọ́ tó ń tú aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ láàárọ̀ ni yóò máa gbé ọmọ-ọmọ mi ní ìrọ̀lẹ́?”

Ọmọ rẹ̀ ṣàlàyé fún un pé àrùn kì í fò, ó ní ọ̀nà tó ń gbà wọ ara, àti pé ọ̀nà yẹn ni iṣẹ́ òun ti dí. Ó ní ọ̀rìnlérúgba ó lé mẹ́wàá ọjọ́ ni wọ́n ti lò láìsí ìgúnni kan ṣoṣo. Ìyá ní òun kì í ṣe púrúǹtù, òun náà mọ ohun tí kòkòrò àrùn jẹ́, ìdí tí òun fi ń bẹ̀rù nìyẹn. Wọ́n fà á títí tíì fi tutù. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, olùkọ́ inú rẹ̀ borí ìyá inú rẹ̀.

“Èmi kì í fọwọ́ sí máàkì tí kò pé,” ló wí. “Tí pátákó rẹ bá pé ọdún kan gbáko, èmi fúnra mi á wá fojú rí i. Ibẹ̀ ni màá ti gba ilé bàbá rẹ̀ lọ.”

Nígbà tó ròyìn rẹ̀ fún Wòódáadáa, ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn.

“Ọwọ́ mi yìí náà ló wá gbé pátákó yẹn dúró báyìí.”

“Ìgbéyàwó wa ló gbé dúró,” ni ọkùnrin náà wí. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni òun sọ.

Ọjọ́ 351 bọ́ sí ọjọ́rú. Ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ń fi rúlà fa ilà sínú ìwé tó fẹ́ fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ, ni ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ ṣí. Wòódáadáa dúró síbẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ti ya.

“Ó ti gún mi,” ló wí.

Ohun tó tọ́ ni kí á sọ: ọkùnrin náà kò rántí pátákó rárá ní wákàtí yẹn. Ó fò dìde, ó mú un dé ibi ẹ̀rọ omi, ó da ọṣẹ sí i, ó jẹ́ kí omi máa ṣàn sí i, ó sì ń sọ fún un pé kó má tẹ ojú ọgbẹ́ náà, kó kàn jẹ́ kó máa ṣàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Àgbà. Àǹtí Àgbà fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, ó fún un ní oògùn tó máa lò fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, ó sì sọ àwọn ọjọ́ tó máa padà wá fún àyẹ̀wò mìíràn, títí dé oṣù kẹfà. Abẹ́rẹ́ oníhò ni, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ta ni, kò sí ẹni tó lè sọ: aṣọ wọ́ọ̀dù márùn-ún ni wọ́n jọ kó sínú àpò kan.

Lẹ́yìn náà ni Àǹtí Àgbà gbé ìwé àkọsílẹ̀ kalẹ̀, ó ṣí i, ó fi bíírò lé e.

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà wá rántí.

Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní oògùn ti wọ inú, ẹ̀jẹ̀ ti lọ sí àyẹ̀wò, ohun gbogbo tó yẹ ní ṣíṣe ni wọ́n ti ṣe. Bíírò kì í wo àrùn sàn. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ló kù. Tí wọ́n bá kọ ọ́ lónìí, ìyá òun á ní ohun tí òun ń bẹ̀rù gan-an ló ṣẹlẹ̀, ó sì lè má yí ọkàn padà mọ́ láéláé. Tí wọ́n bá dúró, wọn á kọ ọ́ lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, ẹnikẹ́ni ò ní pàdánù ohunkóhun. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an nìyẹn.

Àǹtí Àgbà ní òun ò ní sọ púpọ̀. “Ẹni tí abẹ́rẹ́ gún ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé yìí, ìwọ lo ṣòfin ọ̀hún. Mi ò lè kọ ọ́ fún un, mi ò sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Orí tábìlì mi ló máa wà.”

Wòódáadáa wo ọkùnrin náà lójú.

“Ṣé o fẹ́ kí n dúró?”

“Nítorí tiwa ni.”

Ó wò ó síwájú sí i, bó ṣe máa ń wo aṣọ kó tó ṣí i. Ó wá dé bíírò náà lórí, ó fi í lélẹ̀. “Màá dúró. Fọ́ọ̀mù ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Ẹnìkan ti wà láti kọ síbẹ̀ báyìí.”

Ọkùnrin náà ní lọ́jọ́ kẹrìndínlógún náà ni òun á fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, torí òun kò lè kọ ọ̀kan sórí fọ́ọ̀mù kí òun sì tún fi 352 kọ́ sára pátákó.

Oògùn náà kò bá Wòódáadáa lára mu. Àárọ̀ ni, ọ̀sán ni, inú rẹ̀ ń rú, oúnjẹ ń kọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kò pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan. Ọkùnrin náà ń mú ọsàn wá fún un lọ́sàn-án, á bó o fúnra rẹ̀, wọn á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé ìfọṣọ níbi tí atẹ́gùn ẹ̀rọ ti ń fẹ́ aṣọ gbígbẹ. Bóyá ìgbà yẹn ni wọ́n fẹ́ràn ara wọn jù.

“Tí èsì bá wá burú ńkọ́?” ló bi í lọ́jọ́ kan.

“Kò ní burú.”

“Mi ò ní kó o gbàdúrà. Mo bi ọ́ léèrè ni.”

Ó ní òun á fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ náà. Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn, ọmọbìnrin náà sì gbà á gbọ́, ó fi orí lé èjìká rẹ̀. Nígbà tó ń padà sí ọ́fíìsì rẹ̀, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ pé kó lọ kọ nǹkan yìí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni ẹ̀rí ọkàn ń sọ̀rọ̀, ọ̀nà ọ́fíìsì sì gba iwájú pátákó kọjá, 358 gàdàgbà-gadagba.

Ní ọjọ́ 364, Wòódáadáa wá bá a nígbà ìsinmi ọ̀sán. Kò jókòó. Ó ní láàárọ̀ yẹn, abẹ́rẹ́ kan gba ìbọ̀wọ́ aboyún tó ń bá òun ṣiṣẹ́ kọjá, ó wọlé níbí, ó jáde níbẹ̀, láàrin ìka méjì. Obìnrin náà ti kúrò nídìí tábìlì. Kò tíì lè di ẹ̀mú mú.

“Ṣé ó kan ara rẹ̀?”

“Kò kàn án.”

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. “A dúpẹ́. A jẹ́ pé kò sí ìjàǹbá nìyẹn. Ọ̀la ló kù, olólùfẹ́. Ọ̀la péré.”

Ọmọbìnrin náà dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí pé ọ̀rọ̀ ṣì kù. Ọ̀rọ̀ kò kù.

“Ẹ ṣé, ọ̀gá,” ló wí, ó sì jáde.

Ọkàn ọkùnrin náà wà lọ́dọ̀ télọ̀ tó ń rán aṣọ rẹ̀, kò gbọ́ ohun tó yí padà nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, kò wá ní aago méje ààbọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ilé ìyá rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ lọ, torí ó fẹ́ kí ìyá dúró síwájú nígbà tí òun bá ń fi ọwọ́ ara òun yọ 4, tí òun ń fi 5 kọ́ síbẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n dé. Ìyá wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ìfúnni-lẹ́bùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ayàwòrán, àwọn òṣìṣẹ́ tò yí ẹnu ọ̀nà ká. Wọ́n yà lọ́nà fún un. Ó rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Nọ́ńbà méjì ló wà lára pátákó. Ìṣó kẹta ṣófo. 14.

Ẹni tó bá kọ́ ọmọ ní ìṣirò fún ọdún márùndínlógójì, kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé fún un. Ìyá wo nọ́ńbà náà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó tún wo nọ́ńbà. “Ọjọ́ mẹ́rìnlá sẹ́yìn ló ṣẹlẹ̀,” ló wí. “Ta ló mọ̀?”

Àǹtí Àgbà na ìwé àkọsílẹ̀ sí i. Ó ní ní aago méje àárọ̀ yẹn ni ọmọbìnrin náà wá kọ ọ́, òun Àǹtí Àgbà ló sì yí nọ́ńbà padà bí òfin ṣe wí. Ìyá fi gíláàsì sójú, ó kà á jáde bí ẹni tó ń pe orúkọ ní kíláàsì: ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, yàrá, ilé ìfọṣọ, ọwọ́, ọ̀tún, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. “Ẹni tí a kọ́kọ́ sọ fún.” Ó dákẹ́ níbẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lórí ìwé, ètè rẹ̀ pa dé díẹ̀. “Ọ̀gá ètò ààbò òṣìṣẹ́.”

Ọ̀gá àgbà sọ fún ayàwòrán pé kó máa lọ.

Ìyá kò bá ọmọ rẹ̀ wí. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀nà ilé ìfọṣọ han òun. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìfúnni-lẹ́bùn rẹ̀, ooru ń bì lù ú.

“Ṣé ìwọ lo kọ ọ́?”

“Èmi ni, mà.”

“Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀,” ni ìyá wí, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tó tíì gba jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu rẹ̀. Ó wá bi í bóyá oògùn tí wọ́n fún un ń rú u nínú, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé ìfọṣọ láti gbọ́ èsì rẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ. Ọ̀kan ni wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù lọ́tẹ̀ yìí, péà méjìlá ló sì dé, ó nípọn bí awọ bàtà, ó dé ìgbọ̀nwọ́. Aboyún náà wọ tirẹ̀ jẹun ọ̀sán kí gbogbo ayé lè rí i.

Wọn kò lé Ọ̀gá Kò-Séwu. Wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀, wọ́n sì ní kó máa báṣẹ́ lọ. Ó ń pààrọ̀ nọ́ńbà láràárọ̀, kò fà sẹ́yìn wò ó mọ́. Nígbà tó di 31, tí oògùn Wòódáadáa ti tán, tí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ sì ti já sí rere, ó tún rán Àǹtí Àgbà sí i. Ó ti ro ẹjọ́ rẹ̀ dáadáa. Ó ní òun ṣàṣìṣe, òun gbà, ṣùgbọ́n kí ọmọbìnrin náà rántí omi àti ọṣẹ, kó rántí ọsàn. Ó ní ohun tí bàbá rẹ̀ gbà lọ́wọ́ òun gan-an, òun mú un ṣẹ.

“Lọ́jọ́ tó fara pa, èmi ló kọ́kọ́ sáré bá. Àbí èmi kọ́?”

Àǹtí Àgbà lọ, ó sì bọ̀. Kò pẹ́ níbẹ̀ rárá.

“Ó ní kó o lọ wo ìwé náà dáadáa.”

Òótọ́ ni pé kò tíì fi ojú ara rẹ̀ kà á. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Ó lọ sí orí tábìlì Àǹtí Àgbà, ó ṣí i dé ojú ewé náà, ó fi ìka tẹ̀ lé ilà náà títí dé ibi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tí a kọ́kọ́ sọ fún. “Àfẹ́sọ́nà mi” ni ọmọbìnrin náà ti kọ́kọ́ kọ síbẹ̀. Ó fi rúlà fa ilà kan ṣoṣo gba àárín rẹ̀ kọjá, ó sì kọ “ọ̀gá ètò ààbò òṣìṣẹ́” sókè rẹ̀.